Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: Ẹ Má Fi Ọmọ Iṣẹ́ Nìkan Sílẹ̀ Nídìí Ilé

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ilé kíkọ́. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé olùbẹ̀wò ẹgbẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ìwé owó wò, ń sọ̀rọ̀ símẹ́ńtì àti irin. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé ẹ̀yáwó àwọn ẹgbẹ́ wa, ilé kíkọ́ ni a ó bá níwájú orúkọ ọ̀pọ̀ ẹni tó yáwó. Owó tí a ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, inú ògiri ni ó ń wọ̀. Bí ògiri náà bá wó, owó ẹgbẹ́ ni ó wó.

Àwọn àgbà wa ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí kò ju èyí lọ: ọ̀pọ̀ jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ilé kì í ṣe nítorí pé ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀lẹ tàbí olóríkunkun. Ó ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé àgbà kò sí lọ́jà ní wákàtí tó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2018, iṣẹ́ gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ìyá kan tó ń ta aṣọ, ti yáwó láti parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kú. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ló ṣe onídùúró fún un. Ẹgbẹ́ kó gbogbo owó náà lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun náà sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún bíríkìlà.

Bíríkìlà yìí mọ iṣẹ́, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta ni ó ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n ń da dẹ́kìn, ó wà níbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì ni ó fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn lébírà. Ọ̀kan kò tíì lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ni èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ lò. Ní ọjọ́ kẹfà, dẹ́rẹ́bà kan gbé ọkọ̀ dé, ó ní ọ̀gá ní kí òun wá kó ọparun lọ sí ilé kejì. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọparun tí wọ́n fi ti dẹ́kìn náà ró. Wọn kò tíì yọ wọ́n tán tí ọ̀nà bálíkónì fi wó lulẹ̀. Ọmọ tó lo oṣù mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú.

Nígbà tí a lọ kí ọmọ náà, ohun tó sọ nìyí: "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀gá wa ló ní ká kó igi náà fún dẹ́rẹ́bà tó bá ti dé. A fọwọ́ kan dẹ́kìn náà, ó le koko. A rò pé ó ti gbẹ tán ni."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí yẹ̀ wò. Ó gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. Ó tilẹ̀ fọwọ́ kan dẹ́kìn náà kí ó tó ṣe é. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò sọ fún un pé kọnkéré a máa le lójú ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi gbé ara rẹ̀ dúró ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìyá náà kò rí owó dá padà. Ẹgbẹ́ mú nínú owó ìfipamọ́ àwọn onídùúró méjèèjì. Tíṣà ni ọ̀kan nínú wọn, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú sínú ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ìpàdé kò kí ara wọn mọ́ títí tí a fi kúrò ní agbègbè náà.

Ọwọ́ àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, àwa ni a yẹ ìwé ẹgbẹ́ náà wò. A rí ìwé ìbéèrè ẹ̀yáwó, a rí ọwọ́ àwọn onídùúró, a rí ọwọ́ alága àti akápò. A rí i pé wọ́n san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. A fọwọ́ sí i pé ó tọ́, a sì ń bá tiwa lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè pé: ta ni yóò máa ṣọ́ iṣẹ́ náà? Láti ìgbà náà ni a ti ń bèèrè é níbi gbogbo tí a bá dé, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÌ Í ṢE ÌLÚ WA NÌKAN

Gbogbo wa ni a gbọ́ nípa ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ó ju 40 ènìyàn lọ tó kú níbẹ̀, òṣìṣẹ́ sì wà nínú wọn púpọ̀. Ohun tó ń wó ilé pọ̀, a kò sì sọ pé ohun kan náà ló wó gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ yíyọ igi kí ó tó tó àkókò jẹ́ ọ̀rọ̀ àwa tálákà nìkan.

Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1973, ilé gíga kan tí wọ́n ń kọ́ wó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ 14 ló kú. Wọ́n rí i nínú ìwádìí pé wọ́n ti yọ àwọn igi tó ti dẹ́kìn ìsàlẹ̀ ró kí kọnkéré rẹ̀ tó ní agbára, nígbà tí wọ́n ń da òmíràn lókè. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1978, ní Willow Island ní ìpínlẹ̀ West Virginia, òṣìṣẹ́ 51 ló kú lójijì. Ara kọnkéré tí wọ́n dà ní àná ni wọ́n so àgà iṣẹ́ wọn mọ́. Kọnkéré kò mọ ìlú olówó yàtọ̀ sí ìlú tálákà. Bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá pé, kò ní gba ẹrù.

ÌGBÀ MÁRÙN-ÚN TÍ Ọ̀GÁ KÒ GBỌDỌ̀ KÚRÒ

Ọ̀gá bíríkìlà kò lè dúró ti ọmọ iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ lójoojúmọ́. Ọmọ iṣẹ́ lè fọ irinṣẹ́, ó lè gbé búlọ́ọ̀kù, ó lè sẹ́ iyanrìn láìsí ọ̀gá nítòsí. Ṣùgbọ́n ìgbà márùn-ún wà tí ó jẹ́ pé bí ọ̀gá kò bá sí níbẹ̀, kí onílé ní kí iṣẹ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ bíríkìlà rí pàápàá lè fi ojú ara yín mọ ohun tó yẹ kí ẹ rí.

1. Ìgbà tí a ń fa okùn àti ìgbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí igun ilé bá wọ́ níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó kù yóò wọ́ tẹ̀lé e. Láti mọ̀ bóyá igun gún, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára okùn kan láti igun náà, kí ẹ fi àmì sí i. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 lára okùn kejì láti igun kan náà. Láti àmì kìíní sí àmì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 gẹ́lẹ́. Bí ó bá dín tàbí tó lé, kí wọ́n tún okùn fà. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wo ìsàlẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì níbẹ̀, tàbí tí omi dúró sí i, tàbí tí ó jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí kún nígbà kan, kí wọ́n má da kọnkéré sí i títí tí ẹni tó mọ̀ yóò fi dé.

2. Ìgbà tí a ń po kọnkéré. Ìwọ̀n tí a mọ̀ fún dẹ́kìn àti òpó ilé kékeré ni símẹ́ńtì ọ̀kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní alábòójútó kì í wọ̀n ọ́n, ṣọ́bìrì ni yóò máa kà. Ṣọ́bìrì kan kún, èkejì kò kún, nígbà tó bá sì rẹ̀ ẹ́, yóò gbàgbé iye tó ti kà. Kí wọ́n kan àpótí ìwọ̀n, kí wọ́n sì máa fi í wọn gbogbo rẹ̀.

Omi ló tún burú jù. Kọnkéré tó ki nira láti rù àti láti tẹ́, nítorí náà lébírà yóò máa bu omi sí i kí iṣẹ́ lè yá. Àpò símẹ́ńtì kan tó jẹ́ kílò 50 kò fẹ́ ju nǹkan bí lítà 25 sí 30 lọ, bí iyanrìn bá sì tutù, kò tó bẹ́ẹ̀. Omi tó bá lé yóò gbẹ kúrò lẹ́yìn náà, ihò wẹ́wẹ́ ni yóò sì fi sílẹ̀ nínú kọnkéré. Bákan náà, kí wọ́n lo èyí tí wọ́n bá pò láàárín wákàtí kan. Èyí tó ti ń gan nígbà tí wọ́n lọ jẹun, kí wọ́n dà á nù. Bí wọ́n bá bu omi sí i kí ó lè rọ̀ padà, agbára rẹ̀ ti lọ.

3. Ìgbà tí a bá to irin tán, kí a tó da kọnkéré lé e. Irin kò gbọdọ̀ sùn lé pákó. Bísíkíìtì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń há sábẹ́ irin, ni yóò gbé e sókè tó nǹkan bí íǹṣì kan. Bí bísíkíìtì kò bá sí, irin yóò hàn síta lábẹ́ dẹ́kìn, yóò dógùn-ún, yóò sì máa bó kọnkéré jábọ́ lọ́dún díẹ̀ sí i.

Ti bálíkónì yàtọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo onílé mọ̀ ọ́n. Bálíkónì tó yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, òkè ni irin rẹ̀ tó ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé òkè ni yóò ti fẹ́ ya. Lébírà tó ru kọnkéré yóò máa fẹsẹ̀ tẹ irin òkè yìí mọ́lẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, irin ti dé ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́ nígbà tí wọ́n bá bò ó. Kí wọ́n tẹ́ pákó tí àwọn ènìyàn yóò máa gbà kọjá, kí ọ̀gá sì dúró tì í.

4. Ọjọ́ tí a ń da dẹ́kìn àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ọjọ́ yìí kò dára kí ó dúró ní ìdajì. Bí ó bá di dandan kí ó dúró, ọ̀gá tàbí ẹnjiníà ni yóò sọ ibi tí yóò ti dúró, kì í ṣe ibi tí símẹ́ńtì bá ti tán. Láti ọjọ́ kejì, kí wọ́n máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fi àpò tó tutù bò ó. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù nìyí, òun náà yóò sì gbàgbé, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé omi náà ni oúnjẹ kọnkéré.

5. Ìgbà tí a fẹ́ yọ igi. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, kọnkéré tí a tọ́jú dáadáa a máa ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń dá agbára rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi tó wà lábẹ́ dẹ́kìn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Lábẹ́ bíìmù àti bálíkónì, kí wọ́n jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹnu ọ̀gá tàbí ẹnjiníà nìkan ni àṣẹ yíyọ ti gbọ́dọ̀ jáde, kí ó sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó dára ni kí a kọ ọjọ́ tí a da dẹ́kìn sára ògiri pẹ̀lú ẹ̀fun, kí a kọ ọjọ́ tí a ó yọ igi sí abẹ́ rẹ̀. Ìbáà ṣe dẹ́rẹ́bà, ìbáà ṣe ọmọ iṣẹ́, gbogbo wọn yóò rí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fun yìí wà lára ògiri ìyá aláṣọ, bóyá ẹsẹ̀ ọmọ náà ì bá tí kán.

ẸMÍ ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́

Ọmọ tí a ń pè ní ọmọ iṣẹ́ yìí, ọmọ wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun mẹ́ta tó ń pa wọ́n.

Èkíní ni kòtò. Bí kòtò bá ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ìbáà ṣe ti ìpìlẹ̀ tàbí ti ṣalángá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Kí wọ́n fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí etí rẹ̀, kí ẹnìkan má sì dá wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni wáyà iná. Ọ̀pá irin kan gùn tó mítà 12. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ yóò gbé e nàró láti fi í ránṣẹ́ sókè, kò sì ní wo wáyà tó kọjá lórí rẹ̀. Kí wọ́n gé irin nísàlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e gòkè.

Ẹ̀kẹta ni ògiri tútù. Ìpele búlọ́ọ̀kù márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó fún ọjọ́ kan. Ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí ọ̀gá yìn ín yóò mọ ọ́n dé mẹ́wàá kí ọ̀gá tó dé, afẹ́fẹ́ alẹ́ yóò sì tì í lulẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ẹnìkan kò lè dá ṣe, ẹgbẹ́ lè ṣe é. Ìmọ̀ràn wa fún gbogbo ìgbìmọ̀ nìyí.

Èkíní, ẹ má san ẹ̀yáwó ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ìpìlẹ̀, ògiri dé líńtẹ̀lì, dẹ́kìn tàbí òrùlé, àti ìparí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ fojú rí iṣẹ́ kí akápò tó san ti ọ̀nà tó kàn. Kí onídùúró kan wà nínú àwọn méjì yìí, nítorí pé owó tirẹ̀ wà nínú ògiri náà.

Èkejì, kí a ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú bíríkìlà. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tí a kà sílẹ̀ yìí, àti pé a kò ní san owó iṣẹ́ tí ó bá ṣe láìsí níbẹ̀. Kí a bèèrè ìwé ẹ̀rí trade test lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò mẹ́ta ni ó ní: ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rẹ̀, èkíní ni ó ga jù. Kí a bèèrè pẹ̀lú pé ilé mélòó ni ó ń kọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní agbègbè kan náà jọ bẹ ẹnjiníà kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN lọ́wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń sọ pé owó ẹnjiníà pọ̀ jù fún ilé kékeré. Òótọ́ ni fún ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá ń kọ́lé lọ́dún kan, tí wọ́n sì dá owó náà jọ, ìbẹ̀wò mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ilé kọ̀ọ̀kan kò ní ni ẹnikẹ́ni lára. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin onílé máa bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un níwájú ọ̀gá rẹ̀ pé: "Bí ohunkóhun kò bá yé ọ, dúró, má ṣe é. A kò ní bá ọ wí nítorí pé o dúró." Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè dúró kò ní yọ igi nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌPÀDÉ

1. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa, ta ni ń lọ wo ilé tí a yáwó fún? Ìgbà wo ni ó lọ kẹ́yìn?

2. Nínú ìtàn ìyá aláṣọ, ta ni ó jẹ̀bi: bíríkìlà, dẹ́rẹ́bà, àwọn ọmọ iṣẹ́, ìyá náà, ìgbìmọ̀, tàbí olùbẹ̀wò? Kí ni olúkúlùkù wọn ì bá ti ṣe?

3. Ṣé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ mú owó onídùúró tí kò mọ̀ pé a ti san gbogbo ẹ̀yáwó lẹ́ẹ̀kan? Kí ni òfin ẹgbẹ́ wa sọ nípa rẹ̀?

4. Ẹgbẹ́ mélòó ní agbègbè wa ni a lè bá sọ̀rọ̀ nípa ẹnjiníà kan tí a ó jọ máa lò?

Kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé tó ń bọ̀, nítorí àwọn àgbà wa tí ojú wọn kò ríwèé mọ́. Kí ó kọ ìdáhùn ìpàdé sínú ìwé àkọsílẹ̀. Nígbà tí a bá dé láti yẹ ìwé yín wò, a ó bèèrè rẹ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí a kọ́lé, kí a sì gbé e pẹ̀lú àlàáfíà.